Ṣé Géèmù Ìjà Ló Ń Sọ Ọmọ Di Oníjà?

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó ṣòro kí èèyàn rin àdúgbò kan já lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí kó má rí yàrá kan tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn sí, tí àwọn ọmọkùnrin jókòó sí iwájú rẹ̀, tí páàdì wà lọ́wọ́ àwọn méjì, tí àwọn yòókù ń dúró de ìgbà tiwọn. Àwọn tí kò rí owó ṣọ́ọ̀bù san, fóònù ìyá wọn ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ìbọn, bọ́ǹbù, ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ọ̀pọ̀ géèmù yìí. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá lu àbúrò rẹ̀, tàbí tí ó bá fi ìbínú dá olùkọ́ lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àgbà: "Géèmù yẹn ló bà á jẹ́."

Ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ Òkun lóde òní ní ìdí láti bẹ̀rù ìwà ipá. Lóru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì bá ibẹ̀ sá lọ. Ìròyìn ajínigbé lójú ọ̀nà àti lóko kò sì tíì tán ní Yàgbà àti Bùnú. Ìlú tí ẹ̀rù ń bà máa ń wá ohun tí yóò di ẹ̀bi rù, fóònù ọmọ ló sì sún mọ́ ọwọ́ jù.

Ohun tí kò jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí tán ni pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń dà pọ̀. Èkíní: ṣé géèmù tí ìjà kún inú rẹ̀ lè mú kí ọmọ tètè máa bínú, kó máa jágbe mọ́ èèyàn, kó máa ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lulẹ̀? Èkejì: ṣé ó lè sọ ọmọ náà di ẹni tí yóò gún èèyàn lọ́bẹ tàbí tí yóò yìnbọn pa èèyàn? Bí èèyàn bá gbé ìdáhùn èkíní lé orí èkejì, ó ti ṣìnà, ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń já wá sórí fóònù wa ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Lórí èkíní, àwọn olùṣèwádìí rí ohun kan, ṣùgbọ́n ó kéré, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lé e. Lórí èkejì, kò sí ẹ̀rí pé géèmù ló ń sọ èèyàn di apànìyàn. APA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jáde. Ní 2015, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ jábọ̀ pé géèmù oníwà ipá ní ohun í ṣe pẹ̀lú ìwà jàgídíjàgan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó láti so ó mọ́ ìwà ọ̀daràn. Nígbà tó di 2020, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ kó lè ṣe kedere sí i. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí kò ju irú nǹkan bíi kí ọmọ máa pariwo mọ́ni tàbí kó máa tini lọ, àti pé ẹni tó bá ń di ẹ̀bi ìpànìyàn ru géèmù kò rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n fi kún un pé irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ń gbé ojú wa kúrò lára àwọn ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa ìwà ipá.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń wọn ìwà jàgídíjàgan? Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Kò sí olùṣèwádìí tí yóò kó ọ̀dọ́ méjì sí yàrá kí wọ́n máa lu ara wọn. Wọ́n ní láti wá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, àwọn kan á ṣe géèmù ẹlẹ́jẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, àwọn kan á ṣe èyí tí kò ní ìjà nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá ẹnì kan tí kò rí lójú díje, wọ́n á sì ní kó yan bí ariwo tí wọn yóò sọ sí etí ẹni náà yóò ti pọ̀ tó àti bí yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá yan ariwo tó lágbára ni wọ́n kà sí oníjàgídíjàgan. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi ata ṣe: wọ́n á sọ fún ọ̀dọ́ náà pé ẹnì kan wà tí kì í fẹ́ oúnjẹ tó ta, kí ó wá bu ata tí ẹni náà yóò jẹ. Bí ata bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á fi mọ bí ìwà rẹ̀ ṣe le tó.

Irú ìdánwò báyìí kì í ṣe iṣẹ́ asán, ó lè sọ nǹkan fún wa nípa ohun tó wà lọ́kàn èèyàn ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ lẹ́yìn tó fi páàdì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti jìnnà tó sí ohun tó ń ba ìyá ọmọ lẹ́rù. Ariwo tí èèyàn sọ sí etí ẹni tí kò rí, nínú yàrá tí àwọn àgbà fi ìdùnnú gbà á láàyè láti sọ ọ́, kò jọ kí ọmọ dìde lójú pópó kó gún ẹnikẹ́ni. Ìṣòro mìíràn tún wà. Ní 2014, Malte Elson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì fi hàn pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn olùṣèwádìí ń gbà ṣe ìṣírò ariwo yìí, àti pé èsì lè yí padà, bí wọ́n bá ti yí ọ̀nà ìṣírò padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n dán wò.

Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni àríyànjiyàn ńlá ti jáde. Craig Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2010, àwọn tí wọ́n wádìí lára wọn lápapọ̀ lé ní 130,000. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní géèmù oníwà ipá ń mú kí èrò, ìbínú àti ìwà jàgídíjàgan pọ̀ sí i. Christopher Ferguson, ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní Amẹ́ríkà, ta kò ó. Ó ní ìwádìí tó bá rí nǹkan ni àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ máa ń tètè gbà, èyí tí kò rí nǹkan kan á sùn sínú dúrọ́ọ̀. Bí a bá sì yọ ìyẹn kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù sún mọ́ òfo. Àwọn méjèèjì ò tíì fohùn ṣọ̀kan, ohun tó sì dára ni pé iyàn wọn mú kí àwọn tó tẹ̀ lé wọn ṣe iṣẹ́ tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo mẹ́ta nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2018, àwọn olùṣèwádìí kan kó ìwádìí 24 jọ tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọdún 9 sí 19 fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ náà sì lé ní 17,000. Ìjà ọwọ́ gan-an ni wọ́n béèrè, wọn ò lo ariwo tàbí ata. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe géèmù oníwà ipá jà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nígbà tó yá. Àmọ́ "díẹ̀" yẹn kéré gan-an: bí a bá pín gbogbo ohun tó mú kí ọmọ kan yàtọ̀ sí èkejì nínú ìjà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ìpín ti géèmù ò pé ẹyọ kan. Èyí tó kù, ilé, ẹgbẹ́, àdúgbò, àti irú ẹni tí ọmọ jẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i ló ni ín.

Ìkejì wáyé ní Bìrìtéènì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019. Andrew Przybylski ti Oxford àti Netta Weinstein lo àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15 tí iye wọn jẹ́ 1,004. Ohun tó mú mi fọkàn tán iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní gbangba bí wọn yóò ṣe ṣe ìṣírò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i lẹ́yìn tó bá rí èsì. Wọn ò sì bi ọmọ nìkan nípa ìwà ara rẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni wọ́n bi. Wọn ò rí ìbátan kankan láàárín géèmù oníwà ipá àti ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ náà. Ìkẹta wá láti Jámánì, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn àgbà kan máa ṣe Grand Theft Auto V, géèmù oníwà ipá kan, lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà, ìwà wọn ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣe géèmù aláìníjà tàbí àwọn tí kò ṣe géèmù rárá. Àgbà ni àwọn yẹn ṣá o, ẹ má fi wọ́n wọn ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ohun kan wà tí ẹ ó máa bá pàdé nínú ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a là á yé ara wa. Kí nǹkan méjì máa rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí ìkejì. Lápá ibí yìí, ìgbà tí kajú bá ń pọ́n náà ni ooru ń mú gan-an, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò sọ pé kajú ló mú ooru wá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló kó àwọn méjèèjì dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọkùnrin ń jà ju àwọn ọmọbìnrin lọ, àwọn ọmọkùnrin náà ló sì ń ṣe géèmù ìjà jù. Olùṣèwádìí tó bá gbàgbé láti ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin yóò rí ìbátan tó dà bíi pé ó lágbára, tí kì í sì í ṣe géèmù ló dá a sílẹ̀. Ọmọ tó ti jẹ́ oníjà tẹ́lẹ̀ sì lè jẹ́ òun gan-an ló ń wá géèmù ìjà kiri.

Mo gbà pé àwọn ọmọdé máa ń sín ohun tí wọ́n bá rí jẹ. Albert Bandura ti fi èyí hàn láti 1961 ní Yunifásítì Stanford: àwọn ọmọ tó rí àgbà tó ń lu bèbí onírọ́bà, nígbà tó kan tiwọn, àwọn náà lù ú. Ìran tiwa wo fíìmù Ṣáínà, a sì ta ẹsẹ̀ sí ara wa lẹ́yìnkùlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n lílu bèbí kọ́ ni lílu èèyàn, eré tí àwọn ọmọ bá ń ṣe tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kọ́ ni ìjà. Ẹni tó bá wo àwọn ọmọ dáadáa yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú wọn: nínú eré, ẹni tó ṣubú á dìde, wọn á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ipò.

Ní ti èmi, ohun tí àwọn ìwádìí yìí sọ tó wúlò jù fún wa nílé ni ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ. Ní 2011, Paul Adachi àti Teena Willoughby ní Kánádà fi géèmù oríṣiríṣi wéra, wọ́n sì rí i pé ìdíje tó gbóná ló ń ru ìwà jàgídíjàgan sókè, kì í ṣe ìjà inú géèmù. Ní 2014, Przybylski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe géèmù kan jẹ́, kó lè le fún ẹni tó ń ṣe é. Àwọn tí géèmù náà kò bọ́ sí lọ́wọ́ bínú ju àwọn yòókù lọ, yálà ìjà wà nínú géèmù ọ̀hún tàbí kò sí. Ìbínú ẹni tí nǹkan ò gún régé fún ni.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa. Géèmù wo ni wọ́n ń ṣe jù níbẹ̀? Bọ́ọ̀lù ni. Kò sí ìbọn nínú bọ́ọ̀lù, kò sí ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó pàdánù ló ń san owó, nítorí àwọn kan ti fi owó ta tẹ́tẹ́ lé e, nítorí èrò ń wò ó tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òbí tó bá gba géèmù ìbọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wá fi í sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù ta tẹ́tẹ́ kò tíì yọ ọmọ náà kúrò nínú ohun tó ń bí i nínú.

Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ńkọ́? Ìtàn tí gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí ni ti Columbine ní Colorado. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ méjì pa èèyàn 13 nílé-ìwé wọn kí wọ́n tó pa ara wọn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn géèmù kan tó ń jẹ́ Doom, ni ìròyìn bá gba ayé pé Doom ló kọ́ wọn. Iye ọmọ tó ṣe Doom nígbà náà pọ̀ lọ súà, wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀, iléeṣẹ́ Secret Service ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣọ́ ààrẹ, jókòó ti àwọn ìkọlù 37 tó ti ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé, tí ọmọ 41 lọ́wọ́ nínú wọn. Àbọ̀ wọn jáde ní 2002. Àwọn tó fi ìfẹ́ hàn sí géèmù oníwà ipá nínú àwọn ọmọ yẹn kò ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí ẹlòmíràn ti ń fìyà jẹ, tí wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà kí ó tó di ọjọ́ náà jẹ́ ìdá 71. Ìdá 68 nínú wọn ló rí ìbọn wọn mú nínú ilé tiwọn tàbí nílé ẹbí. Mo rò pé kí gbogbo olórí ilé-ìwé ka ìṣirò mẹ́ta yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní 2011, ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ California ti ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ta géèmù oníwà ipá fún ọmọdé. Adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ló wọ́gi lé e, adájọ́ Antonin Scalia ló sì kọ ìdájọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n sọ ni pé ìwádìí tí ìpínlẹ̀ náà mú wá kò fi hàn pé géèmù ló ń fa ìwà jàgídíjàgan lára ọmọ, ìbátan lásán ló fi hàn. Òfin tiwọn ni ìyẹn, kò de wa, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí ẹ̀rí náà ṣe rí nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò tú u wò.

Bí a bá padà sílé, kí ló ń bí agbébọn nílẹ̀ wa? Àwọn tó ń jí àgbẹ̀ gbé ní oko kò kọ́ ọ lórí fóònù. Owó ìràpadà ni wọ́n ń wá, ìbọn sì wà káàkiri tí kò ní ìwé àṣẹ. Àwọn olóṣèlú tó ń fún ọ̀dọ́ ní owó, igbó àti ọ̀bẹ nígbà ìbò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ń gba ọmọ tí kò níṣẹ́. Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá gbọ́ ẹni ńlá lórí rédíò tó ń di ẹ̀bi gbogbo èyí ru géèmù, torí géèmù kì í dìbò, kì í sì í fèsì. Ọmọ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ nílé, tó ń rí bàbá rẹ̀ tó ń lu ìyá rẹ̀, ti ń kọ́ ìwà ipá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn jù láyé. Ìyẹn ni ìwádìí ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ fi ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ pẹ̀lú Grand Theft Auto? Rárá o. Iye ọjọ́-orí tí wọ́n kọ sí ara géèmù ní ìdí. Láti 1994 ni àjọ kan tó ń jẹ́ ESRB ti ń kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, àjọ PEGI sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Yúróòpù ní 2003. Grand Theft Auto V gba 18 lọ́wọ́ PEGI, yàtọ̀ sí ìjà, ìṣekúṣe àti ìfìyàjẹni tún wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ojú ọmọdé. Ìṣòro tiwa ni pé CD àdàkọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kì í ní páálí, ẹ ò ní rí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ géèmù náà, kí ẹ wá a lórí fóònù. Lórí Play Store, ọjọ́-orí wà lábẹ́ orúkọ géèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè ṣètò rẹ̀ kí fóònù máa kọ èyí tó bá ju ti ọmọ yín lọ. Ọmọ kékeré tó ń wo ìpànìyàn lè má di apànìyàn, ṣùgbọ́n ó lè máa lálàákálàá, ìyẹn sì tó ìdí.

Ẹ ṣọ́ oorun pẹ̀lú. Ọmọ tó fi fóònù sábẹ́ aṣọ títí di aago méjì òru yóò jí pẹ̀lú ìbínú, kódà kó jẹ́ pé géèmù kíkó èso jọ ló ń ṣe. Láti January 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ka bárakú géèmù mọ́ àìsàn. Àmì rẹ̀ ni pé kò lè dá a dúró mọ́, pé ó ti fi í ṣáájú iṣẹ́, oúnjẹ àti ẹbí, pé ó ń bá a lọ bó tilẹ̀ ń rí ìpalára rẹ̀, tí èyí sì ti pé bí ọdún kan. Kò sí ìjà nínú àwọn àmì yẹn. Ọmọ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù lásán lè ní in.

Ọmọ tó bá ń halẹ̀ pé òun yóò ṣe ẹnì kan léṣe, tó ń dá ẹran lóró, tó ń gbé ọ̀bẹ lọ sí ilé-ìwé, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, ẹ má gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ nílé-ìwé, ẹ béèrè àwọn tó ń bá rìn, ẹ béèrè ibi tó ti ń rí owó. Bí kò bá sọ, tí ìwà náà kò sì yí padà, ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, kí ẹ sọ fún dókítà pé ìwà ọmọ ni ẹ bá wá, kì í ṣe ibà.